William James, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Bá Ìsoríkọ́ Wọ̀yá Ìjà

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ sàíkọ́lọ́jì tí kò ní gbọ́ orúkọ William James kí sáà àkọ́kọ́ tó parí. A máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé òun ni wọ́n ń pè ní bàbá sàíkọ́lọ́jì nílẹ̀ Amẹ́ríkà, pé òun ló kọ The Principles of Psychology lọ́dún 1890, pé òun àti Carl Lange ará Denmark ló dá àbá kan náà nípa bí ìmọ̀lára ṣe ń ti ara bẹ̀rẹ̀, láìjẹ́ pé ọ̀kan wo tọwọ́ èkejì. A gba máàkì wa, a sì kọjá sọ́dọ̀ Watson àti Skinner. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé ọkùnrin yìí lo bí ọdún mẹ́wàá nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tí kò lè sùn, tí kò lè ṣiṣẹ́, tí èrò àtipa ara rẹ̀ sì ń wá sí i lọ́kàn.

Mo fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí mo ń gbọ́ láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Àwọn kan ní ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní mindfulness, ìyẹn kéèyàn jókòó, kó máa fi ọkàn sí èémí rẹ̀ àti ohun tó ń lọ lọ́wọ́ láìdá ara rẹ̀ lẹ́jọ́, ló ń wo gbogbo àìsàn ọkàn sàn, pé ó tiẹ̀ ń tún ọpọlọ mọ. Àwọn kan ní ẹ̀tàn lásán ni. Àwọn kẹta ní ẹni tó bá ń kọ́ sàíkọ́lọ́jì kò yẹ kó ní ìsoríkọ́ rárá, pé kí wá ni ìwúlò ẹ̀kọ́ tó ń kọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn kẹta yìí ló dùn mí jù, torí mo mọ̀ pé ó ń mú káwọn kan nínú wa máa fi ohun tó ń ṣe wọ́n pamọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. James jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn alángbá náà.

Ilé tí wọ́n bí i sí

Ọjọ́ 11, oṣù Kìíní, ọdún 1842 ni wọ́n bí i nílùú New York. Bàbá bàbá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ William, ti Ireland wá, ó ṣòwò nílùú Albany, ó sì di ọ̀kan lára àwọn olówó ńlá ìpínlẹ̀ New York. Owó yìí ni Henry, bàbá William, jogún, tí kò fi ṣiṣẹ́ oṣù ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìwé nípa Ọlọ́run àti ẹ̀mí ènìyàn ló ń kọ. Iná ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ kan jà nígbà tó wà lọ́mọdé débi tí wọ́n fi gé e. Lọ́dún 1844, nígbà tí òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé ní England, ó jókòó lẹ́yìn oúnjẹ lọ́jọ́ kan, àfi bí ẹ̀rù ńlá kan ṣe ṣàdédé bò ó, láìsí nǹkan kan tó ń lé e. Ó lé lọ́dún kan kó tó bọ́ nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ni William nígbà náà.

Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí. William ni àkọ́bí. Henry tó tẹ̀ lé e ló wá di gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Garth Wilkinson tí wọ́n ń pè ní Wilky, lẹ́yìn náà Robertson, Alice obìnrin sì ni àbíkẹ́yìn. Ọtí bá Robertson fínra títí ó fi dàgbà. Alice lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ibùsùn nítorí àìlera tí àwọn dókítà ìgbà náà ń pè ní àìsàn iṣan. Àìsàn ọkàn kì í ṣe àlejò nínú ilé yẹn.

Bàbá wọn kò gbà kí wọ́n pẹ́ níléèwé kankan. Bí wọ́n bá ti fẹ́ mọ ilé ìwé kan dunjú, yóò kó wọn lọ sí òmíràn: New York, Geneva, London, Paris, Boulogne, Bonn. Èyí mú kí William gbọ́ èdè Faransé àti èdè Jámánì dáadáa, ó sì ka ìwé púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe.

Ayàwòrán, dókítà, tàbí kí ni?

Nígbà tó tó ọmọ ọdún 18, ó ní àwòrán yíyà lòun fẹ́ ṣe. Ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ William Morris Hunt ní Newport. Kò pé ọdún kan tó fi í sílẹ̀. Lọ́dún 1861, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì Lawrence ní Harvard, níbi tí Charles Eliot ti kọ́ ọ ní kẹ́mísírì. Ẹ fi orúkọ Eliot yìí sọ́kàn. Ọdún yẹn náà ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wilky àti Robertson lọ sójú ogun. Wilky jẹ́ ọ̀gá kékeré nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 54th Massachusetts, tó jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú, ó sì fara gbọgbẹ́ gan-an nígbà tí wọ́n kọ lu Fort Wagner lọ́dún 1863. William kò lọ. Lọ́dún 1864, ó bọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Harvard.

Lọ́dún 1865, ó bá Louis Agassiz, onímọ̀ nípa ẹranko, rìnrìn àjò lọ sí Brazil láti kó ẹja jọ lẹ́bàá odò Amazon. Agassiz fẹ́ rí ẹ̀rí tó máa já Darwin nírọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n dé Rio de Janeiro tí oríṣi ìgbóná kan fi mú James, tó dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ojú rẹ̀ sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó kọ̀wé sílé pé òun ti wá mọ̀ pé ìrònú ni wọ́n dá òun fún, kì í ṣe iṣẹ́ kíkó nǹkan jọ. Nígbà tó yá, ọ̀nà Darwin ló tọ̀, kì í ṣe ti Agassiz.

Lẹ́yìn tó padà dé ni ọ̀ràn náà wá le. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ojú ń dùn ún, oorun kò kun ojú rẹ̀, inú rẹ̀ kì í sì í dùn sí ohunkóhun. Lọ́dún 1867, ó dá ẹ̀kọ́ ìṣègùn dúró, ó kọjá sí ilẹ̀ Jámánì. Ó ní òun ń lọ wẹ̀ nínú omi gbígbóná tí wọ́n gbà pé ó ń wo ara sàn, òun sì fẹ́ kọ́ nípa iṣan àti ọpọlọ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀. Omi náà kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n inú ìrora yẹn ló ti kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé bóyá àkókò ti tó tí sàíkọ́lọ́jì yóò di sáyẹ́ǹsì, pé Helmholtz àti Wundt ti ń ṣe iṣẹ́ náà ní Heidelberg. Ẹni tí kò lè dìde lórí ibùsùn láwọn ọjọ́ kan ló ti ń rí iṣẹ́ tí yóò gbé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa ró.

Ọdún tó burú jù

Ó gba oyè dókítà lọ́dún 1869, nígbà tó pé ọmọ ọdún 27. Kò fi í tọ́jú aláìsàn kankan rí. Ilé bàbá rẹ̀ ní Cambridge, Massachusetts, ló jókòó sí. Ní oṣù Kẹta ọdún 1870, ikọ́ ẹ̀gbẹ pa Minny Temple, ọmọ ìyá àbúrò bàbá wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin aláròjinlẹ̀ tí òun àti Henry fẹ́ràn gan-an. Ọmọ ọdún 24 péré ni.

Láàárín àkókò yìí ni ohun kan ṣẹlẹ̀ sí i tí kò sọ fún gbogbo ayé ní tààrà. Nínú ìwé rẹ̀ The Varieties of Religious Experience, tó jáde lọ́dún 1902, ó kọ ọ́ bí ẹni pé ará Faransé kan ló fi ránṣẹ́ sí i, ẹ̀yìn náà ló jẹ́wọ́ pé òun fúnra òun ni. Ó wọ yàrá kan ní ìrọ̀lẹ́ láti mú nǹkan, àfi bí ẹ̀rù ṣe gbá a mú. Lójú ẹsẹ̀, ó rántí ọ̀dọ́kùnrin oníwárápá kan tó ti rí rí nílé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ, tó máa ń jókòó gbári sórí àga láàárọ̀ dalẹ́ láìmira, tó káwọ́ gba orúnkún. Ohun tó wá sí James lọ́kàn ni pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín òun àti ẹni yìí, pé bí àkókò tòun bá tó, kò sí ohun tí òun ní tó lè gba òun. Láti ọjọ́ náà, ó máa ń jí lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìpayà lábẹ́ àyà rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ oṣù kò sì lè dá wọ inú òkùnkùn. Ó yà á lẹ́nu bí àwọn tó yí i ká, títí kan ìyá rẹ̀ tó jẹ́ ọlọ́yàyà, ṣe ń gbé ayé wọn lọ láìmọ ohun tó ń ṣe é.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbí. Ẹni tó ti gboyè ìṣègùn ni, tó ti ka ìwé nípa ọpọlọ ní èdè mẹ́ta. Gbogbo ìmọ̀ yẹn kò dí ọ̀nà mọ́ ìsoríkọ́. Ìmọ̀ ọ̀hún gan-an tiẹ̀ wà lára ohun tó ń dá a lóró, torí sáyẹ́ǹsì ìgbà náà ń sọ pé gbogbo ohun téèyàn ń rò àti ohun tó ń ṣe kò ju iṣẹ́ iṣan lọ, bí aago tí wọ́n wín. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, James rò pé kò sí ohun tí òun lè ṣe sí ọ̀ràn ara òun.

Ohun tó gbà á kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin, ọdún 1870, ó kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ pé òun ti ka ìwé Charles Renouvier, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Faransé, ó sì ti ye òun pé èèyàn lè di èrò kan mú torí pé òun fúnra rẹ̀ yàn án, nígbà tó lè ro nǹkan mìíràn. Ó wá pinnu pé ohun àkọ́kọ́ tí òun yóò fi òmìnira yìí ṣe ni pé òun yóò gbà pé ó wà. Ó ní òun yóò dín ìrònú asán kù, òun yóò sì máa fi iṣẹ́ kéékèèké lójoojúmọ́ kọ́ ara òun ní ìwà tuntun.

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ó pinnu lálẹ́, ó sì sàn láàárọ̀. Irọ́ ni. Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ. Ọdún 1872 ni Charles Eliot, tó ti di ọ̀gá àgbà Harvard, fi iṣẹ́ lọ̀ ọ́ pé kó wá máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1873. Kíláàsì tó ń lọ déédéé, àwọn ọ̀dọ́ tó ń retí rẹ̀, iṣẹ́ tó ní wákàtí, gbogbo rẹ̀ wà lára ohun tó gbé e dìde. Lọ́dún yẹn, bàbá rẹ̀ kọ̀wé sí Henry pé ara William ti ń yá. Síbẹ̀ ìsoríkọ́ náà ń padà wá bẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ohun tó yí padà ni bó ṣe ń gbà á lálejò.

Ìwé tó gba ọdún méjìlá

Láti ọdún 1875 ló ti ń kọ́ni ní sàíkọ́lọ́jì ní Harvard, ó sì ní yàrá kékeré kan tó ń fi ṣe àyẹ̀wò. Ó máa ń ṣe àwàdà pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sàíkọ́lọ́jì tí òun kọ́kọ́ gbọ́ láyé òun ni èyí tí òun fúnra òun ṣe. Lọ́dún 1878, ó fẹ́ Alice Howe Gibbens, olùkọ́ kan ní Boston. Ọdún yẹn kan náà ló ṣàdéhùn pẹ̀lú òǹtẹ̀wé Henry Holt pé òun yóò kọ ìwé sàíkọ́lọ́jì kan láàárín ọdún méjì. Ọdún méjìlá ló gbà á. Láàárín rẹ̀, lọ́dún 1885, ikọ́ líle tó máa ń bá àwọn ọmọdé jà pa Herman ọmọ rẹ̀, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ìwé náà jáde lọ́dún 1890, ìdìpọ̀ méjì, ojú ìwé tó tó 1,400. Lọ́dún 1892, ó gé e kúrú fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn yẹn sì ń pe ìwé ńlá ní James, wọ́n ń pe kékeré ní Jimmy.

Orí méjì nínú ìwé yẹn ló kàn wá níbí. Àkọ́kọ́ dá lórí ìwà tó ti mọ́ni lára. James ní iṣan ọpọlọ rọ̀ débi tó fi lè gba àyípadà, ó sì lágbára débi tí kò fi ní gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba inú koríko kọjá lẹ́yìn ilé ìtura wa. Kò sẹ́ni tó là á. Àwa tó ń gba ibẹ̀ lọ sí kíláàsì lójoojúmọ́ ló fi ẹsẹ̀ là á, ní báyìí àlejò pàápàá ibẹ̀ ló ń gbà. Bẹ́ẹ̀ ni ohun téèyàn ń rò àti ohun tó ń ṣe léraléra ṣe ń la ọ̀nà sínú ọpọlọ. Ó gba àwọn ọ̀dọ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi gbogbo agbára bẹ̀rẹ̀ ìwà tuntun, kí wọ́n má fàyè gba ìyàtọ̀ kankan títí tí yóò fi ta gbòǹgbò, kí wọ́n sì máa ṣe nǹkan kékeré kan tó nira lójoojúmọ́ kí agbára ìpinnu wọn má bàa kú. Bá a bá ka èyí láìmọ ìtàn 1870, a ó rò pé ìwàásù ni. Ohun tó gbé e dìde ló ń kọ sílẹ̀.

Orí kejì dá lórí àfiyèsí. Ó ṣàkíyèsí pé ọkàn kì í dúró síbì kan, pé yóò ṣáà máa rìn lọ. Lójú rẹ̀, agbára láti dá ọkàn tó ti rìn lọ padà, lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i, ni ìdí ọgbọ́n, ìwà àti ìpinnu. Ó ní ẹ̀kọ́ tó bá lè fún èèyàn ní agbára yìí ni yóò jẹ́ olórí ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti sọ ọ́ ju láti sọ bí a ó ṣe ṣe é. Ibẹ̀ ló dúró sí.

Ohun tó dé lẹ́yìn rẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé mi lọ́rọ̀ pé James ló dá mindfulness sílẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Éṣíà ti ń ṣe é láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, James fúnra rẹ̀ sì mẹ́nu ba àṣàrò wọn àti yoga àwọn ará Íńdíà nínú ìwé 1902 yẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó fi sílẹ̀ láìdáhùn, pé báwo la ṣe lè kọ́ ọkàn láti padà wálé, ni ìtọ́jú yìí ń gbìyànjú láti dáhùn.

Lọ́dún 1979, Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ kan nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts ní Worcester, fún àwọn tí ìrora ń bá fínra. Lẹ́yìn náà ni Zindel Segal, Mark Williams àti John Teasdale so ó pọ̀ mọ́ ìtọ́jú tó ń yẹ èrò wò, fún àwọn tí ìsoríkọ́ máa ń padà wá bá. Ìdí wọn yé mi dáadáa. Ẹni tí ìsoríkọ́ ti mú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí inú rẹ̀ bá kàn bàjẹ́ díẹ̀, èrò rẹ̀ yóò sáré gba ọ̀nà àtijọ́ tó ti là sínú ọpọlọ rẹ̀. Àwọn àgbà ní àròkàn ló ń fa ẹkún àsun-ùn-dákẹ́. Ìtọ́jú yìí kò ní kó má ronú. Ó ń kọ́ ọ kó rí àròkàn náà bó ṣe ń bọ̀, kó mọ̀ pé èrò ni, kì í ṣe òdodo, kó sì dá ọkàn padà sí èémí rẹ̀. Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2000, èyí tí 145 èèyàn kópa nínú rẹ̀, lára àwọn tí ìsoríkọ́ ti mú tó ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó padà wá bá ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀, ó sì padà wá bá ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó kọ́ ètò yìí kún un. Àwọn tó ti mú lẹ́ẹ̀mejì péré kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ní ti àníyàn àpọ̀jù, àyẹ̀wò kan tó jáde lọ́dún 2022, tí 276 èèyàn wà nínú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ètò ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ náà kò rẹlẹ̀ sí oògùn escitalopram.

Ọpọlọ ńkọ́? Ibí ló yẹ ká ti fara balẹ̀. Lọ́dún 2011, àwọn olùwádìí kan yẹ ọpọlọ èèyàn 16 wò kí wọ́n tó ṣe ètò náà àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní apá kan nínú hippocampus, tó ń ṣiṣẹ́ ìrántí, ti nípọn sí i. Ìròyìn náà tàn ká gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2022, àyẹ̀wò mìíràn tó lo èèyàn tó lé ní igba, tó sì fi wọ́n wé àwọn tí kò ṣe ètò náà, kò rí àyípadà kankan nínú bí ọpọlọ ṣe tóbi tó tàbí bó ṣe nípọn tó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Pé ara tu èèyàn kò dúró dìgbà tí ẹ̀rọ bá rí i pé ọpọlọ ti wú. Mo gbà pé James yóò fẹ́ràn àyẹ̀wò kejì yìí, torí ó sọ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ pé iṣan kì í gba àyípadà lẹ́ẹ̀kan náà.

Bó ṣe lo ìyókù ayé rẹ̀

Ẹni tí ìyà ti jẹ kì í sábà ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíràn. Lọ́dún 1890, James gba Mary Whiton Calkins sínú kíláàsì rẹ̀ nígbà tí Harvard kò gba obìnrin. Àwọn ọkùnrin tó kù sì kúrò níbẹ̀, ó wá ku òun nìkan pẹ̀lú olùkọ́ rẹ̀. Calkins ṣe gbogbo iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé yọrí, Harvard kò fún un ní oyè náà, ṣùgbọ́n lọ́dún 1905 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onísàíkọ́lọ́jì Amẹ́ríkà. W. E. B. Du Bois, gbajúgbajà ajìjàgbara aláwọ̀ dúdú, náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, James sì máa ń gbà á lálejò nílé.

Lọ́dún 1898, nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣòfin ní Massachusetts tí yóò dí àwọn tó ń fi ọkàn àti àdúrà wo aláìsàn lọ́wọ́, James, dókítà, dìde níwájú àwọn aṣòfin láti ta kò ó. Kò sọ pé gbogbo ohun tí àwọn yẹn ń ṣe ló tọ́. Ohun tó ń sọ ni pé a kò tíì mọ̀ tó nípa ọkàn láti ti ilẹ̀kùn ìwádìí. Inú àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dùn sí i. Lọ́dún 1908, nígbà tí Clifford Beers, tó ti gbé nílé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ, fẹ́ tẹ ìwé jáde nípa ìyà tó jẹ níbẹ̀, James kọ lẹ́tà tí wọ́n fi ṣíwájú ìwé náà, ó sì ti ẹgbẹ́ tí Beers dá sílẹ̀ fún ìlera ọkàn lẹ́yìn.

Ọdún 1898 kan náà ni ọkàn rẹ̀, ìyẹn ọkàn tó ń fa ẹ̀jẹ̀, fara pa nígbà tó ń gun òkè Adirondack. Kò sàn pátá mọ́. Síbẹ̀ ó lọ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Edinburgh lọ́dún 1901 àti 1902, ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1907, ọdún tó tẹ Pragmatism jáde. Lọ́dún 1909, ó lọ pàdé Sigmund Freud ní Yunifásítì Clark ní Worcester, ìlú tí Kabat-Zinn yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn 70 ọdún. Bí wọ́n ṣe ń rìn lọ, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun James. Ó gbé àpò rẹ̀ fún Freud, ó ní kó máa lọ níwájú, pé òun ń bọ̀. Freud sọ lẹ́yìn náà pé ó wu òun kí òun náà lè dúró ní ìbàlẹ̀ ọkàn báyẹn níwájú ikú. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 1910, James kú sílé rẹ̀ ní Chocorua, ní New Hampshire. Ọmọ ọdún 68 ni.

Ohun tí mo rí mú níbẹ̀

Mo ti sọ pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló mú mi kọ èyí. Sí àwọn tó ní mindfulness ń wo gbogbo nǹkan sàn: ó ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, pàápàá àwọn tí ìsoríkọ́ máa ń padà wá bá, ṣùgbọ́n kì í rọ́pò dókítà, ẹ má sì torí rẹ̀ já oògùn sílẹ̀. Sí àwọn tó ní ẹ̀tàn ni: ẹ wo iye tí mo kọ sókè yìí, kí ẹ sì ṣe bí James níwájú àwọn aṣòfin, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Sí àwọn tó ní onísàíkọ́lọ́jì kò yẹ kó ní ìsoríkọ́: ẹni tó fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí lélẹ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní in, kò sì sọ ọ́ di ẹni yẹpẹrẹ.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí nínú ìtàn náà. James wà nílé pẹ̀lú ìyá, bàbá àti àbúrò nígbà tí ẹ̀rù yẹn mú un, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó kọ ọ́ sílẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ló sì fi bò ó. Lónìí, a ní ọ̀fíìsì olùgbani-nímọ̀ràn nínú ọgbà, a ní ilé ìwòsàn, a ní ara wa. Ẹ̀yin tí oorun kò kun ojú yín láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ kò wọ̀ yín lẹ́nu, tí èrò ikú ń wá sí yín lọ́kàn, ẹ má dúró di ọgbọ̀n ọdún. Ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí. Ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ sì ti la irú rẹ̀ kọjá nígbà tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá wá kí wa, ẹ máa fi kún ohun tẹ́ ẹ ń sọ fún wa. Ìtàn bí ẹ ṣe gba first class dára, ṣùgbọ́n èyí ni yóò jẹ́ kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá mọ̀ pé ọ̀nà wà.